Ta Ni Ó Ni Ẹ̀yẹ? Ìpàtẹ Àwòrán Ewéko àti Àmì Ẹ̀yẹ Àwọn Ayàwòrán Rẹ̀



Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ìyìn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: ìyìn tí a ń fún àwọn tí ń ya àwòrán ewéko, ibi tí a ti ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, àti ohun tí àwọn onídàájọ́ ń wò kí wọ́n tó fi ẹ̀yẹ fún wọn. Èrò mi ni pé ẹ̀yẹ yìí pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tọ́ sí, àti pé inú irú iṣẹ́ náà gan-an ni a ti lè rí ìdí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwòrán òdòdó ni àwòrán ewéko. Ẹni tí ó ya òdòdó láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ lè fi ewé kan kún un, ó sì lè yọ òmíràn kúrò. Ayàwòrán ewéko kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Iye àwẹ́ tí òdòdó ní, bí ewé ṣe so mọ́ ẹ̀ka, bí èso ṣe ń là: gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá ti inú igbó mu, tí ẹni tí kò rí ewéko náà rí yóò fi lè ti ara àwòrán dá a mọ̀.

Òdòdó gba ẹ̀yẹ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Royal Horticultural Society, tí a dá sílẹ̀ ní 1804, a máa fi ẹ̀yẹ fún òdòdó orchid tí ó bá dára jù. Nígbà tí ó yá, irú àwọn òdòdó wọ̀nyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro fún ìgbìmọ̀ láti rántí bí àwọn tí ó ti gba ẹ̀yẹ tẹ́lẹ̀ ṣe rí. Nítorí náà, láti 1897, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán wọn pamọ́. Nellie Roberts ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, òun ni ó sì ń ṣe é títí di 1953.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Fún ọdún 56, òdòdó ni ó ń gba ẹ̀yẹ, ẹni tí ó gbìn ín ni a sì ń kí kú oríire. Ẹni tí ó jókòó tì í kí ó tó rọ, tí ó sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé, akọ̀wé ìgbìmọ̀ lásán ni ó jọ lójú ènìyàn. Àwọn òdòdó náà ti rọ. Àwòrán wọn ni ó kù.

Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ni ó gbà pé iṣẹ́ ìwé sáyẹ́ǹsì ni, pé kò sí àròjinlẹ̀ nínú rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹ̀wẹ̀, ohun èèlò ìwádìí ni. Ayàwòrán ewéko wá dà bí àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Marianne North kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Owó ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ ilé àwòrán kan sínú ọgbà Kew, tí a ṣí ní 1882, ó sì to àwòrán tí ó lé ní 800 sí ara ògiri rẹ̀.

Ẹ̀yẹ dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán

Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ní 1964, Hunt Institute ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ àwòrán ewéko tí àwọn ayàwòrán láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń kópa nínú rẹ̀. Ní 1986, a dá ẹ̀yẹ Jill Smythies sílẹ̀ lábẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ìrántí ayàwòrán kan tí ìjàǹbá ọwọ́ ọ̀tún mú kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2008, a ṣí ilé àwòrán Shirley Sherwood ní Kew, tí a kọ́ fún àwòrán ewéko nìkan.

Ọ̀nà tí Royal Horticultural Society ń gbà dá iṣẹ́ ayàwòrán lẹ́jọ́ yẹ fún àkíyèsí. Àwòrán mẹ́fà tí ó dá lórí kókó kan ṣoṣo ni ayàwòrán ń gbé wá. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin ni ó wà: wúrà, fàdákà tí a fi wúrà bò, fàdákà, àti idẹ. Wọn kì í fi ayàwòrán kan wé èkejì. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn oníkálukú, ènìyàn púpọ̀ sì lè gba wúrà lọ́jọ́ kan náà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ń dá lẹ́jọ́ pọ̀, nítorí náà ọ̀kan tí kò kúnjú òṣùwọ̀n lè fa ìyókù sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ń san ẹ̀san fún ni sùúrù tí kò yẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, nígbà tí kámẹ́rà ti dé, kí ni a tún ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Òdòdó kan, ní ìṣẹ́jú kan, ni kámẹ́rà ń gbà, pẹ̀lú ibi tí kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀. Ayàwòrán a máa wo púpọ̀ nínú irú kan náà, a sì máa yan àbùdá tí ó kárí gbogbo wọn. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ó fi ń ṣe àfihàn ìrudi, òdòdó tí ó là, èso àti irúgbìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń yọ.

Ẹ wo Margaret Mee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ gbé ní Brazil ní 1952. Ìgbà 15 ni ó wọ igbó Amazon lọ láti ya àwòrán, ó sì ń kígbe pé wọ́n ń run igbó náà. Ní 1988, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 78, ó jókòó lóru ti òdòdó kan tí ó máa ń là ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì yà á bí ó ti ń là. Ọdún yẹn náà ni ó kú.

Àgbálọgbábọ̀

Àwa tí a ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé, kò yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti òkèèrè. Ewé gbígbẹ tí àwọn onímọ̀ igbó kó pamọ́ ní Ìbàdàn wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ewé tí ó bá gbẹ a máa pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Orúkọ ewé wà lẹ́nu àgbà. Bí igbó bá tán, ta ni yóò nawọ́ sí ewé tí ó ni orúkọ?

Àbá mi ni pé kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko àti ti iṣẹ́ ọnà pa ọwọ́ pọ̀ ṣe ìpàtẹ, kí oníṣègùn ìbílẹ̀ sì jókòó pẹ̀lú onímọ̀ ewéko láàrin àwọn onídàájọ́. Bí oníṣègùn bá wo àwòrán, tí ó pe orúkọ ewé náà láìjẹ́ pé a sọ fún un, ayàwòrán ti yege. Òun gan-an ni kí a gbé ẹ̀yẹ fún.