Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì: Ẹ Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Dá A

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ wa tó ń jẹ ọ́ìlì. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìpàdé ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń jẹun níhìn-ín? Obì ni a ń gbé wá láti ilẹ̀ wa. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì ni a ń gbé padà lọ. Láti ọdún 1912 tí ojú irin láti Èkó ti dé Kánò, ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi kó ẹrù wọn. Lónìí ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà sì ti dàgbà ju ẹni tó ń wà wọ́n lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ ọ́ìlì, owó ọjà ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ìrẹ́pọ̀ mọ́ ọn.

Mo ní ìrẹ́pọ̀ nítorí ẹjọ́ kan tí a gbọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí. Olówó ọkọ̀ kan fi ẹjọ́ awakọ̀ rẹ̀ sùn, ọmọ ẹgbẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ó ní ọ́ìlì tí òun ń rà, lójú ọ̀nà ni awakọ̀ ń tà á. Awakọ̀ búra pé ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún. Mẹkáníìkì ti sọ pé tọ́bò ló kú. Wọ́n ti ra òmíràn, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì. Èmi ni mo kọ ẹjọ́ náà sínú ìwé. Ìgbìmọ̀ pe àgbà mẹkáníìkì kan kí ó bá wa wò ó. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ló bá: ẹrẹ̀ dúdú ti dí i pa, bí ẹni fi àkísà dí ẹnu ìgò. Wọ́n fọ ọ̀nà náà mọ́, ọ́ìlì sì dúró. Awakọ̀ kò jalè. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ láàárín wa, owó tọ́bò sì ti lọ.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí á tó dá awakọ̀ lẹ́bi, kí á tó ra tọ́bò, kí á tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ẹ́ńjìnnì náà ti ń mí.

BÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ TI Ń MÍ

Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì, písítìnì ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí dísẹ́lì yóò gbiná láìsí púlọ́ọ̀gì. Àwọn ríǹgì tó yí písítìnì ká ni kò jẹ́ kí agbára iná náà bọ́ sísàlẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ríǹgì tó dí ọ̀nà yìí pátápátá. Díẹ̀ nínú èéfín a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí kíráǹkì àti ọ́ìlì wà. Ẹ́ńjìnnì tuntun pàápàá ń ṣe é. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe é fi ihò èémí sí i, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bírídà. Lára ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, páìpù rẹ̀ kàn dojú kọ ilẹ̀. Lára òmíràn, wọ́n dá èéfín náà padà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, níwájú tọ́bò.

Tọ́bò ní tirẹ̀, èéfín tó ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí i, òun náà sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú sìlíńdà. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ fún ọgbọ́n yìí ní 1905. Nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì OM 352 ti Mercedes, èyí tí a mọ̀ dáadáa nínú ọkọ̀ 911, OM 352 lásán kò ní tọ́bò. Èyí tí wọ́n kọ A sí nídìí, OM 352A, ló ní in. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára inú sìlíńdà ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín tó ń yọ́ sísàlẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 80,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ló sì gbé e dúró. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì wọ inú tọ́bò, ṣùgbọ́n kò sí pọ́ǹpù tó ń fà á jáde. Ó kàn ń ṣàn padà sí ikùn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, bí omi òjò ti ń ṣàn lórí páànù. Bí ikùn bá wú nítorí èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde, kò ní gba ọ́ìlì yìí mọ́. Ọ́ìlì yóò gba ẹ̀gbẹ́ síìlì tọ́bò bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tàbí sínú sàlẹ́ńsà, èéfín aláwọ̀ búlúù yóò sì máa rú. Ẹni tó bá pààrọ̀ tọ́bò nígbà náà, ọ̀nà kan náà ni tuntun yóò gbà. Ikùn tó wú yìí kan náà ló ń ti ọ́ìlì jáde ní síìlì kíráǹkì àti ní gásíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń ta gééjì ọ́ìlì jáde kúrò ní ihò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á WÒ

Èkíní, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Lórí ilẹ̀ títẹ́ ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ́ńjìnnì sì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀ tán. Bí ó bá kọjá àmì òkè, kíráǹkì yóò máa pò ó, yóò sì gba bírídà jáde. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnìkan bu kún un, tó sì ń rùn bíi dísẹ́lì, dísẹ́lì ló ń jò wọ inú rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà títí mẹkáníìkì yóò fi rí ibi tó ti ń jò.

Èkejì, ẹ tú bírídà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo gbogbo rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti ká tàbí ó ti pa pọ̀. Mo ti rí àwọn tó fi igi tàbí àkísà dí i nítorí pé ó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀. Ẹni tó dí imú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò wá ibòmíràn mí gbà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó máa kán, ẹ fi rọ́bà darí rẹ̀ sínú agolo tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Agolo náà yóò tún fi hàn yín iye ọ́ìlì tó ń gba ibẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo fíltà afẹ́fẹ́. Àwa tí a ń gbé òkè ọya mọ eruku ọyẹ́. Bí fíltà bá dí, tọ́bò yóò máa fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ipá, yóò sì fa ọ́ìlì mọ́ ọn. Bí fíltà bá ya, tàbí bí rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀ àti tọ́bò bá là, eruku yóò wọlé, yóò sì fá ríǹgì àti ògiri sìlíńdà bí ìwé ìfági. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ọkọ̀ kí wọ́n yé gbọ́n fíltà oníwèé mọ́ ara táyà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wọn èémí ikùn náà. Ẹ mọ rọ́bà funfun tí bíríkìlà fi ń wá ọ̀gbọọgba? Ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, kí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan, kí ẹ sì bu omi dé ìdajì rẹ̀. Ẹ ki ẹnu kan mọ́ ihò gééjì ọ́ìlì kí ó fún dáadáa, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ rọra tẹ iná mọ́ ọn, kí ẹ sì fi rúlà wọn bí omi apá kan ti ga ju ìkejì lọ. Iye tó yẹ wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò ní ìwé, kí ó máa fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá.

Bí bírídà bá mọ́ tí omi ṣì ga, kì í ṣe ríǹgì nìkan ló lè fà á. Tọ́bò tí síìlì rẹ̀ ti jẹ lè máa ti èéfín wọ ikùn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bíréékì afẹ́fẹ́ tó ti gbó náà lè máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀ràn lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ó bá mú ẹrù kúrò lórí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí omi sì sọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn wà. Lẹ́yìn náà ni kí ó wọn agbára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ̀, ìgbà yẹn ni kí á tó gbà pé ẹ́ńjìnnì yóò sọ̀kalẹ̀.

EWU TÓ JU OWÓ LỌ

Ọ́ìlì tó ń wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè di oúnjẹ fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì. Bí ó bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, ẹ ó pa kọ́kọ́rọ́, kò ní kú, yóò máa ké títí yóò fi fọ́. Bí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró, kí awakọ̀ tẹ bíréékì mọ́lẹ̀ gbọin, kí ó ki jíà ńlá sí i, kí ó sì jọ̀wọ́ kíláàṣì kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Bí ẹnìkan bá lè dé ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ láìfi ara wewu, kí ó fi pákó pẹlẹbẹ dí i. Kí ó má fi ọwọ́ dí i láé, kí ó má sì fi aṣọ dí i. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo ènìyàn sá jìnnà. Ọkọ̀ ṣeé rà. Ẹ̀mí kò ṣeé rà.

Ní ìparí, kí olúkúlùkù olówó ọkọ̀ ra ìwé kékeré kan. Kí awakọ̀ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, iye kìlómítà, iye dísẹ́lì, iye ọ́ìlì tí wọ́n bù kún un. Kí àwọn méjèèjì máa fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìrìn-àjò. Láti ibí dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Ẹni tó mọ iye ọ́ìlì tí ọkọ̀ rẹ̀ mu lọ lóṣù tó kọjá yóò tètè mọ̀ bí ó bá mu ju bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù yìí. Ìwé yìí ni yóò jẹ́rìí olówó, òun náà ni yóò jẹ́rìí awakọ̀. Bí ìwé bá wà, irú ẹjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní dé iwájú wa mọ́, nítorí àjèjì ni wá níhìn-ín, ìfọkàntán ara wa sì ni ogún tí a ní.