Ta Ni Yóò San Owó Ẹni Tó Wá Gba Gbèsè?

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaourou, ní Goro, ní Kika àti ní Tchatchou,

Àwọn kan nínú yín ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá tajà. Ẹlòmíràn ń bójú tó ilé epo, ẹlòmíràn ń gba owó, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ilé iṣẹ́ ló ni orúkọ, ẹ̀yin lẹ ni òógùn. Ìwé àdéhùn wà láàrin yín. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, níbi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn, ẹ lè bá a pé òǹtajà ni yóò san gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ bá ná láti gba gbèsè.

Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Rárá o.

Benin wà nínú ẹgbẹ́ OHADA, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1993. Ẹgbẹ́ náà ṣe òfin gbígba gbèsè ní 1998, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Abala 47 ló sọ ẹni tí ń san ìnáwó.

Ká ní obìnrin kan jẹ ilé iṣẹ́ ní 200.000 fáráǹkì. Ilé iṣẹ́ rán ọmọọṣẹ́ wá láti Parakou lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ra epo sí alùpùpù, ó jẹun lójú ọ̀nà, ó ní ìnáwó òun di 30.000. Ilé ẹjọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ni yóò ru 30.000 yẹn. Bí ìwé àdéhùn bá tilẹ̀ sọ pé obìnrin náà ni yóò san án, òfin ka ọ̀rọ̀ yẹn sí ohun tí a kò kọ. Ìnáwó tí òfin fúnra rẹ̀ bá pa láṣẹ fún olówó nìkan ló yàtọ̀.

Gbèsè 200.000 náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ o. Bó bá sì ń sá pamọ́, tó ń parọ́, olówó lè bẹ adájọ́ kó gbé ìnáwó náà lé e lórí. Adájọ́ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọọṣẹ́ tó gun alùpùpù wá.

Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá ẹjọ́, tí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ huissier, ọ̀rọ̀ yí padà. Owó huissier àti owó gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù di ti ẹni tó jẹ gbèsè. Àmọ́ bó bá hàn gbangba pé ìnáwó kan kò pọn dandan nígbà tí wọ́n ṣe é, ẹ lè gbé e lọ síwájú adájọ́. Bí ẹ ti sanwó tán ńkọ́, tí wọ́n tún wá ka ẹrù yín? Ìwé ẹ̀rí tí ẹ fi sanwó ni yóò gbà yín sílẹ̀. Ẹ má fi di mọ́ín-mọ́ín.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé notaire. Èyí tó bá ní òǹtẹ̀ àṣẹ lágbára bí ìdájọ́. Huissier lè fi gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù láìjẹ́ pé ẹ dé ilé ẹjọ́ rárá.

Bí wọ́n bá kó ìwé owó wá, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ ìnáwó kọ̀ọ̀kan wé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.