Òṣùká Lójú Ogun

  

Lóṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ọmọ wa níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń so òdòdó pupa mọ́ àyà láti fi rántí àwọn tó kú lójú ogun. Àwọn kan nínú wọn rò pé ìrántí baba ẹlòmíràn ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín lónìí pé tiyín náà ni.

Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ogun Hítílà, bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó sì parí ní 1945. Jámánì ni Hitler wà, ṣùgbọ́n Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, ni ọ̀pọ̀ sójà wa ti jà. Àwọn ará Jàpáànù ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lọ gbà á padà, Fourteenth Army tí ọ̀gágun William Slim darí, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn ará Íńdíà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Gurkha wá láti Nepal. Àwọn mìíràn wá láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 90,000 ló lọ, Nàìjíríà ló sì ní èyí tó pọ̀ jù.

Nínú 81st Division, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gambia ni wọ́n jọ wà. Èdè Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé. Àmì alántakùn ló wà lápá aṣọ wọn, ìyẹn Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gánà, tó gbọ́n bí Ìjàpá tiwa. Ti 82nd Division ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká aláàárù.

Kí ló dé tí wọ́n fi òṣùká ṣe àmì ogun? Nítorí pé ọkọ̀ kò lè wọ inú igbó àti òkè ibẹ̀. Àwọn sójà wa fi irinṣẹ́ ọwọ́ la ọ̀nà máìlì 75 kí wọ́n tó lè dé àfonífojì odò Kaladan. Láti ibẹ̀ lọ, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú. Ẹni tó rù ú jẹ́ jagunjagun bí ẹni tó yìnbọn. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn bà á. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́ kù síbẹ̀ nínú igbó. Àwọn Mùsùlùmí abúlé kan ló ń bọ́ wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì gbà wọ́n sílé. Bí àṣírí bá tú, ikú ni. Wọ́n wà ní ìpamọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún náà, tí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé. Ní 2011, baba náà kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, oníròyìn kan sì mú un dé ọ̀dọ̀ ìdílé Shuyiman. Baba náà kú ní 2012.

N kò ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín. Owó tí wọ́n san fún sójà dúdú kò tó ti aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ikú kò wo àwọ̀. Ní itẹ́ òkú àwọn ológun ní Taukkyan, ní Bọ́mà, orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ ibojì wọn wà lára òkúta kan náà: Gẹ̀ẹ́sì, ará Íńdíà, ọmọ Áfíríkà. Níhìn-ín náà, ní Brixton, wọ́n ṣí òkúta ìrántí àwọn sójà Áfíríkà àti Karíbíánì ní 2017. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ló kù. Bí ẹ bá pe ilé lórí fóònù, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó lọ sí Bọ́mà nínú ẹbí yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, àwọn tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn náà sì ti ń dàgbà. Ẹ̀yin ọmọ, bí olùkọ́ bá dé orí ogun yìí ní kíláàsì, ẹ nawọ́ sókè, kí ẹ sì dárúkọ ẹni yín.

Ọlọ́run má jẹ́ ká rogun.