Yubari, Ìlú Èédú Láàárín Òkè
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

Nígbà tí Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlú kan ní òkè òkun, bóyá ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé London tàbí New York ni n ó mú wá. Ẹ foríjì mí. Ìlú kékeré kan tí ó fara pamọ́ sáàárín òkè ní ilẹ̀ Jàpáànì ni mo yàn, Yubari ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò méjì ni Yubari jìn sí: èkíní ni kòtò èédú, èkejì ni kòtò gbèsè.

Erékùṣù ni ilẹ̀ Jàpáànì. Nínú àwọn mẹ́rin tí ó tóbi jù níbẹ̀, Hokkaido ni ó wà ní ìhà àríwá pátápátá, Sapporo sì ni olú-ìlú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kọjú sí ìlà-oòrùn láti Sapporo, tí ó rin nǹkan bí 60 kìlómítà, yóò dé Yubari. Òkè yí i ká. Èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, Yubari-dake, ga ní mítà 1,668. Ilẹ̀ ìlú náà fẹ̀ tó kìlómítà 763 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n igbó ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Etí odò nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tó láti kọ́lé sí. Nítorí náà àwọn ilé wọn kò pagbo bí agboolé tiwa; ṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé àfonífojì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Nígbà òtútù, òjò dídì a bo òrùlé àti ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ènìyàn Ainu ni onílẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, láti inú èdè wọn ni a sì ti mú orúkọ Yubari jáde.

Ní ọdún 1888 ni a rí ìpele èédú ńlá kan nínú òkè náà. Ní 1890 a bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tí ó sì di 1892, ọkọ̀ ojú irin ti wọ ìlú. Èédú náà dára púpọ̀ fún yíyọ́ irin, ilẹ̀ Jàpáànì sì ń wá irin nígbà náà bí ẹni ń wá omi ní ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ibi gbogbo ni ènìyàn ti ń rọ́ wá. Ní 1943 a sọ Yubari di ìlú ńlá lábẹ́ òfin. Ní 1960, iye ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ 116,908. Ilé-iṣẹ́ èédú ni ó kọ́lé fún òṣìṣẹ́, òun ni ó kọ́ ilé ìwòsàn, òun ni ó fa omi. Bí alẹ́ bá lẹ́, iná àwọn ilé tí ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè a máa tàn bí ìràwọ̀.

Ṣùgbọ́n a fi ẹ̀mí san owó ọjà náà. Ní 1914, èéfín inú ilẹ̀ gbiná, ó sì pa ju 400 ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a kó àwọn ará Korea àti China wá sínú kòtò náà láti ṣiṣẹ́ tipátipá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, èéfín náà tún tú jáde, iná sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí iná kò kú, a da omi odò sínú kòtò, nígbà tí a kò tíì rí àwọn kan tí ó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 93 ni ó ṣègbé. Ẹ fojú inú wo àwọn ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kòtò náà lọ́jọ́ tí a ṣí omi.

Láàárín ìgbà náà, epo rọ̀bì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú, èédú ilẹ̀ òkèèrè sì dínwó ju tiwọn lọ. Kòtò kan ń tì tẹ̀ lé òmíràn, títí a fi ti èyí tí ó kẹ́yìn ní 1990. Igi kan kì í dá igbó ṣe; igi kan ṣoṣo ni Yubari ní, ó sì wó.

Títí dé ibi tí mo dé yìí, ẹ̀yin ará mi, n kò rí ẹ̀bi ìlú náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ èédú ń lọ, ìgbìmọ̀ ìlú gba ilé òṣìṣẹ́, ilé ìwòsàn àti omi, owó ńlá sì bá a lọ. Wọ́n tún ní àwọn yóò fi àlejò rọ́pò èédú. Ní 1983 wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan níbi tí kòtò wà rí. Ní 1990 wọ́n dá àjọ̀dún fíìmù sílẹ̀. Wọ́n ra ilé ìtura àti ibi eré orí òjò dídì. Àlejò wá ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá wọn kò pọ̀ tó mọ́. Dípò kí wọ́n sọ fún ará ìlú, wọ́n ń yá owó báńkì fún ìgbà kúkúrú. Bí ìwé ìṣirò bá fẹ́ parí, wọ́n a mú owó láti inú àpò ọdún tuntun, wọ́n a fi dí ihò àpò ọdún àná, ìwé a sì mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 2006, àṣírí tú. Ní oṣù kẹta 2007, ìjọba kéde pé Yubari ti wọko gbèsè: yẹ́ẹ̀nì bílíọ̀nù 35.3, nínú ìlú tí kò ju nǹkan bí 13,000 ènìyàn lọ mọ́. Bí a bá pín in kárí, ó ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́. A gé owó oṣù olórí ìlú kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó ní ibùsùn 171 di èyí tí ó ní 19. A ti ilé ìkàwé. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ẹyọ kan. Owó orí ga sókè. Àwọn ọ̀dọ́ sì kó ẹrù wọn.

Síbẹ̀ ìlú náà kò kú. Ní nǹkan bí 1960, nígbà tí èédú ṣì gbóná, àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ti para pọ̀ láti máa gbin èso mẹ́lọ́ọ̀nù, ìbátan bàrà tiwa, tí inú rẹ̀ pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́. Wọ́n fi ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe ṣọ́ irúgbìn rẹ̀. Èyí tí kò bá dára tó kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ Yubari. Ní 2019, méjì péré nínú rẹ̀ ni a tà ní gbàǹjo ní yẹ́ẹ̀nì mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n jí àjọ̀dún fíìmù dìde ní 2008. Ní 2011 wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún, Suzuki Naomichi, ṣe olórí. Ó di gómìnà Hokkaido ní 2019. Òun ni ó sọ òótọ́ tí kò dùn fún wọn pé ilé tí ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́bàá odò kò ṣeé tọ́jú fún ènìyàn díẹ̀, pé kí wọ́n sún mọ́ra. Ọkọ̀ ojú irin tí ó wọ̀lú ní 1892 sáré ìkẹyìn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 2019. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2020, 7,334 ni ó kù: nínú mẹ́rìndínlógún ìjọ́sí, ẹyọ kan. Ètò wọn ni pé kí wọ́n san gbèsè náà tán ní oṣù kẹta 2027.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí èédú di aláìníyelórí, kò sí lọ́wọ́ ará Yubari. Kí a fi ìwé owó pa mọ́ fún wọn, ọwọ́ ènìyàn ni. Òṣì tí a rí lójú, a lè bá a jà. Èyí tí a fi aṣọ bò ni ó ń pa ìlú.

Láìpẹ́, Akápò wa yóò dìde láti ka ìwé ìṣirò ọdún yìí. Mo ti ṣàkíyèsí pé àkókò yìí gan-an ni púpọ̀ nínú wa máa ń jáde lọ gba atẹ́gùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó lónìí. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ bèèrè èyí tí kò bá yé yín, kí inú má sì bí Akápò.