Òṣómàáló Inú Géèmù: Bí A Ṣe Ń Lo Hero Tó Ń Dá Ọ̀tá Dúró

   

Ohùn kan tí ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́ wa ní Iléṣà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Arákùnrin náà ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́rin jọ máa ń gbá Mobile Legends lálaalẹ́. Àwọn kan wà ní Iléṣà, àwọn kan wà ní Òṣogbo níbí. Tigreal ni òun máa ń mú. Ó ní òun lè mú ọ̀tá mẹ́ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ tí wọ́n bá ti pàdánù, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bú: "Tank wa ò wúlò rárá." Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí fóònù, pé ọ̀kan nínú wọn ò kí òun mọ́ lójú títì, òun sì ti fẹ́ yọ géèmù náà kúrò lórí fóònù òun. Ó wá béèrè pé, "Lẹ́yìn tí mo ti mú èèyàn mẹ́ta, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Èmi náà, tank ni mo máa ń gbá, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ géèmù yìí: Moonton ló gbé Mobile Legends jáde lọ́dún 2016. Èèyàn márùn-ún ń kojú èèyàn márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lórí máàpù, igbó sì wà láàárín wọn. Tíìmù tó bá kọ́kọ́ wó base ẹnìkejì ló borí. Oníkálukú á mú hero kan, iṣẹ́ hero sì yàtọ̀ síra. Àwọn kan wà fún pípa. Àwọn kan wà fún dídá ọ̀tá dúró: wọ́n á fi stun gan ọ̀tá mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sókè, wọ́n á fà á wá sọ́dọ̀ ara wọn, tàbí kí wọ́n mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Gbogbo ìyẹn la ń pè ní CC. Tigreal, Atlas, Franco àti Khufra, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́ wa níṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ rántí àwọn Òṣómàáló? Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá gba owó wọn. Tó o bá ní kò sówó, ọkùnrin náà ò ní bá ọ jà. Ńṣe ló máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Ó fẹ́ kó o wà lójú kan títí owó á fi jáde ni.

Iṣẹ́ Tigreal gan-an nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ kan. Òṣómàáló lè lóṣòó láti àárọ̀ dalẹ́. Tigreal ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Tó bá lo ult rẹ̀ tó ń jẹ́ Implosion, ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ péré ni stun náà ń gbé. Owó gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìgbà yẹn, Tigreal kọ́ ló sì máa gbà á, torí agbára tó fi ń pa èèyàn ò tó nǹkan. Mage àti marksman ni agbowó.

Torí náà, èsì mi fún arákùnrin wa rèé: iye èèyàn tẹ́ ẹ mú kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò. Iye ọ̀rẹ́ yín tó wà nítòsí tí skill wọn sì ti ṣetán lásìkò tẹ́ ẹ mú wọn ni ká wò. Tẹ́ ẹ bá mú mẹ́ta nígbà tí mage yín ṣì wà ní base, ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ á kọjá, àwọn mẹ́ta náà á gbọn ara wọn nù, ẹ̀yin ni wọ́n á wá pa. Tẹ́ ẹ bá mú ẹyọ kan péré, tí mage àti marksman wà lẹ́yìn yín, ó ti kú nìyẹn. Mo fara mọ́ ẹyọ kan tó kú ju mẹ́ta tó sá lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣetán? Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ wo máàpù kékeré tó wà lápá òsì lókè. Ta ló wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n súnmọ́ débi tí skill wọn á fi dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí scoreboard, ó máa ń fi hàn bóyá ult ẹnìkejì yín ti ṣetán. Ojú ẹ̀ẹ̀kan ni. Tí ult mage ò bá tíì padà, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ wọnú igbó, ẹ dúró dè é. Sùúrù wà lára skill tank, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sójú fóònù.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wàyí, torí Òṣogbo àti Iléṣà la ti ń gbá géèmù tiwa. Gbogbo wa la mọ bí ping ṣe máa ń pọ́n bí ojú ata tí òjò bá ṣú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ jẹ́ 1500 tá a bá fi òṣùwọ̀n ping kà á. Tí ping ọ̀rẹ́ yín bá wà ní 300, tó sì ń dúró dìgbà tó bá fojú rí stun kó tó tẹ bọ́tìnnì, ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ tún wá fi ìgbà tí ọpọlọ àti ìka rẹ̀ fi ń jí kún un. Kò ku nǹkan kan mọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé kí wọ́n má fi ojú dúró de stun. Kí wọ́n fi etí gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ń lo voice, ẹ kà á: "Mo ń wọlé o, ení, èjì, ẹ̀ta!" Ní "ẹ̀ta", tank wọlé, mage náà tẹ bọ́tìnnì. Tí voice bá ń jẹ dátà jù, ẹ lo ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà nínú géèmù láti fi sọ fún wọn pé ult yín ti ṣetán, kẹ́ ẹ sì jọ ní àdéhùn ṣáájú pé tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ìwọlé ló kàn. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ta ló wá yẹ kẹ́ ẹ mú? Ẹ má wá ẹni tó súnmọ́ yín jù. Tank wọn ló máa ń wà níwájú, kẹ́ ẹ mú un, ńṣe ló dà bíi kẹ́ ẹ dá ògiri dúró. Ẹni tó ń pa yín ni kẹ́ ẹ wá. Bí Layla bá wà níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń yìnbọn, kò sì ní skill tó fi ń fò sá lọ. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ó parí. Àmọ́ irú Layla yìí máa ń dúró lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí Flicker fi wà. Tigreal tẹ Implosion, ó sì tẹ Flicker lójú ẹsẹ̀, á bọ́ sáàárín wọn kí wọ́n tó mọ̀. Flicker máa ń gba 120 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó padà, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì gbáko. Torí náà, ẹ má fi lépa ẹni tó ń sá lọ lásán. Ẹ fi pa mọ́ de ìjà tó ṣe pàtàkì, bí ìjà Lord.

Ti àwọn hero tí ẹsẹ̀ wọn yá ńkọ́, bíi Fanny tàbí Gusion? Khufra ni mo máa mú fún wọn. Tó bá ti di bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fò kọjá lára rẹ̀ á kàn lọ sókè ni.

Ó mú mi rántí ìtàn Òṣogbo wa. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti ìlú yìí. Ẹṣin ni agbára wọn. Ní pápá gbalasa, ta ló fẹ́ dúró níwájú ẹlẹ́ṣin? Ìbàdàn wá gba Òṣogbo sílẹ̀, Balógun Ọdẹ́rìnlọ ló kó wọn wá. Wọn ò lọ bá ẹlẹ́ṣin nínú pápá lọ́sàn-án gangan. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó Ìlọrin, níbi tí ẹṣin ò ti lè sáré bó ṣe fẹ́, ni wọ́n bá ṣẹ́gun. Ẹ wò ó: bí agbára ọ̀tá bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ náà ò ti ní wúlò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Bó ṣe rí nínú géèmù náà nìyẹn. Ní gbangba, ọ̀tá á fọ́n ká, ult yín á mú ẹyọ kan. Láàárín ògiri méjì nínú igbó, tàbí níbi tí Turtle àti Lord wà, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ara wọn jọ. Turtle àkọ́kọ́ máa ń jáde ní ìṣẹ́jú 2. Ẹ ti débẹ̀ ṣáájú, ẹ wọnú igbó tó wà nítòsí, kí wọ́n wá bá yín. Ẹni tí wọn ò rí ni wọ́n ń bẹ̀rù jù.

Ohun mẹ́ta kéékèèké tó kù nìyí. Èkíní, tẹ́ ẹ bá ní CC méjì nínú tíìmù, ẹ má lò ó pa pọ̀. Stun méjì tó bọ́ lé ọ̀tá lásìkò kan náà kì í ro ara wọn pọ̀. Ẹ kàn fi ọ̀kan ṣòfò ni. Kí tàkọ́kọ́ fẹ́ tán kí tèkejì tó wọlé. Èkejì, ọ̀tá náà ní oògùn. Purify máa ń tú stun dà nù, Tough Boots máa ń dín àsìkò rẹ̀ kù, ult Diggie sì lè gba gbogbo tíìmù wọn sílẹ̀. Torí náà, ẹ fi skill kékeré tọ́ wọn wò ná. Tí wọ́n bá ti lo Purify, àsìkò ult yín dé. Ẹ̀kẹta, nígbà míì, ẹ má wọlé rárá. Tí assassin wọn bá ń lépa marksman yín, ẹ dúró ti marksman, kẹ́ ẹ fi Sacred Hammer ti apànìyàn náà kúrò lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn sórí TikTok, àmọ́ òun ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ borí.

Mo wá bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀yin mẹ́rin tó kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú tank. Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Òṣómàáló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, agbowó ò yọjú, ẹ wá ní Òṣómàáló ni ò mọṣẹ́. Ẹni tó wọ àárín èèyàn márùn-ún nítorí yín, ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ààyè yìnbọn. Ẹ lè sọ fún un pé, "Bọ̀ọ̀dá, dúró dè mí nígbà míì, mi ò tíì dé." Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èébú ò sọ fún un ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Arákùnrin wa ní Iléṣà, má yọ géèmù náà kúrò. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Lọ sínú History, mú ìjà kan tẹ́ ẹ pàdánù, kí ẹ̀yin márààrún jókòó wo replay rẹ̀. Níbi gbogbo tó o ti lo ult, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ béèrè ìbéèrè méjì: ta ló wà nítòsí? Kí ni ẹni náà ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ yẹn? Bóyá ìwọ lò ń yá jù ni, bóyá àwọn ni wọ́n ń pẹ́. Replay kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ ó rí i fúnra yín, èébú á sì di àdéhùn.

Kó o sì pe ẹni tí kì í kí ọ mọ́ yẹn wá síbẹ̀. Òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ bá wo replay náà tán, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, a fẹ́ gbọ́ ibi tó já sí.

Ẹ̀yin yòókù, hero wo lẹ fi ń dá ọ̀tá dúró? Ẹ sọ fún wa. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí tank yín, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí iná má lọ láàárín ìjà yín.