Ọmọ Tí Kì Í Jókòó Jẹ́ẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Tokpa,

Ẹ rán ọmọ yín ní tòmátì, iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Ó padà dé, iyọ̀ nìkan ló rà, ó sì ti sọ owó tó kù nù. Olùkọ́ ní kì í jókòó, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, kì í parí iṣẹ́. Ará ilé ní olóríkunkun ni. Ará àdúgbò ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú.

Ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí àwọn dókítà wa níbí ń pè ní TDAH, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ADHD. Nínú 100 ọmọ láyé, bíi 5 ló ní in. Ó dà bí alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí bíréèkì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mú. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ti ọmọbìnrin máa ń fara pamọ́: ó lè jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ kí ọkàn ẹ̀ má sí níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sáré kiri ló ní in o. Ó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó ti tó oṣù 6, kó hàn nílé àti níléèwé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ẹ̀ wò, torí ọmọ tí etí ń dùn máa ń jọ alágídí. Dókítà ọmọdé lè ní kí ẹ lọ sí Jacquot. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Èmi náà, nọ́ọ̀sì bí mo ṣe jẹ́, mo ti na ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é. Ẹgba ò lè fi bíréèkì sí ọpọlọ. Òfin ọmọdé ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2015, sì ka lílu ọmọ léèwọ̀.

Kí la wá máa ṣe? Nílé, iṣẹ́ kan ni kí ẹ rán an lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pè é súnmọ́ yín, kó tún ohun tí ẹ sọ sọ kó tó lọ. Bó bá ṣe é, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Kó ṣe iṣẹ́ iléèwé fún ìṣẹ́jú 10, kó dìde nà, kó tún padà. Kó máa sùn lákòókò kan náà lálaalẹ́. Bí ẹ bá ń sọdá títì, ẹ mú un lọ́wọ́. Kì í wo alùpùpù kó tó sáré.

Ẹ lọ bá olùkọ́ ẹ̀, kì í ṣe láti bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ síwájú, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kó pín iṣẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀, kó máa rán an pé kó nu pátákó, kó lè rí ìdí dìde. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì lóòótọ́, àmọ́ èyí ò náni lówó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ ọ́ níléèwé torí ọ̀rọ̀ yìí. Ìka ò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹ fà á mọ́ra. Ó dìgbà o.