Ike Nínú Oúnjẹ Ekòló

Ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ohun tí ekòló ń bá lẹ́nu ilẹ̀ lóde òní ni mo wá sọ.

Ní àkókò òjò, ẹ bọ́ sí ìdí kòkó tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lágbègbè Ìbàdàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí erùpẹ̀ kúnná tó dúró ṣóńṣó lórí ilẹ̀. Ìgbẹ́ ekòló ni. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hyperiodrilus africanus ló ń mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó gbé ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ mì, ó lọ̀ wọ́n pọ̀ nínú ara rẹ̀, ó sì yà wọ́n síta. Ihò tó ń gbà kọjá ni afẹ́fẹ́ àti omi òjò ń gbà dé gbòǹgbò. Kò sí ajílẹ̀ ọjà tó lè ṣe gbogbo èyí.

Ekòló kò ní ojú, kò sì ní eyín. Ohun wínníwínní tó bá bá ewé rìn, yóò bá a dénú. Ọ̀rá omi tí a mu tán tí a jù nù, oòrùn á gbẹ ẹ́, á ya, á máa rún títí yóò fi di èérún tí kò tó mílímítà 5. Èyí tó bá kéré gan-an nínú rẹ̀ ni ekòló lè gbé mì.

Ní 2016, Esperanza Huerta Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wageningen, ní Netherlands, po èérún pọlitíìnì mọ́ ewé tí wọ́n fi bọ́ ekòló fún ọjọ́ 60. Nígbà tí ike jẹ́ ìdá 7 nínú 100 oúnjẹ náà, èyí tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Nígbà tó di 28 sókè, wọ́n ń kú, àwọn tó yè kò sì dàgbà bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ tí ike pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ìwádìí wọn mìíràn ló ká mi lára jù.

Wọ́n lọ sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Maya ní gúúsù ìlà-oòrùn Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ń sun ike tí wọ́n sì ń bo ìyókù mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Nínú gíráàmù erùpẹ̀ kan, ní ìpíndọ́gba, èérún ike kò pé ẹyọ kan. Nínú gíráàmù ìgbẹ́ ekòló kan, ó tó 15. Nínú ti adìẹ, ó tó 130. Wọ́n la iwe adìẹ, wọ́n bá ike níbẹ̀. Iwe o, èyí tí a fi ń ṣàpọ́nlé baálé ilé!

Ekòló tún ń gbé ike wọlẹ̀. Lọ́dún kan náà, Matthias Rillig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin da èérún pọlitíìnì sórí ilẹ̀ tí ekòló wà. Èyí tó kéré jù ló wọlẹ̀ jìnnà jù.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Anglia Ruskin, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé ekòló ń rù nínú ilẹ̀ tí wọ́n po èérún ike líle mọ́. Níbi tí wọ́n lo ike tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, èyí tí wọ́n ń polówó pé yóò jẹrà, irúgbìn koríko tó hù dín kù, èyí tó hù kò sì ga tó.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ etí ìlú wa ló ń kó ilẹ̀ ààtàn lọ sóko ẹ̀fọ́. N kò bá wọn wí, ilẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n tọ̀rátọ̀rá ni wọ́n ń kó o. Sísun ọ̀rá kò sì parí rẹ̀: apá kan yóò yọ́, yóò dì, yóò tún máa rún. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣa ọ̀rá kúrò nígbà tí ọwọ́ ṣì lè mú un, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì ya ibi tí a ó máa da ewé àti èèpo sí sọ́tọ̀ kúrò níbi tí a ó máa da ike sí.